Bí A Ṣe Ń Gbé Táǹkì Iyùn sí Igun Pálọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá kọ́kọ́ rí táǹkì gíláàsì olómi iyọ̀ ní igun pálọ̀, tí iyùn oríṣiríṣi àwọ̀ ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ nínú rẹ̀, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Èló lẹ ra àwọn ẹja yìí?" Ẹja kì í ṣe ìṣòro níbẹ̀. Omi ni ìṣòro. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń tọ́jú omi, ẹja àti iyùn á pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹja tuntun ni yóò máa rà lóṣooṣù. Bí táǹkì náà bá wá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe kó lè wọ kọ̀rọ̀ ibi tí ògiri méjì ti pàdé, ìrísí rẹ̀ náà ní ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ onílé. Bí ẹrù ṣe ń wọ ilẹ̀ máa ń yàtọ̀, bí iná ṣe ń tàn, bí omi ṣe ń yí àti bí ọwọ́ ṣe ń dé inú rẹ̀ náà máa ń yàtọ̀.

Iyùn wo là ń sọ?

Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tí ọba àti ìyàwó ń fi sọ́rùn, ara ẹ̀dá abẹ̀mí ló ti wá. Irú èyí tó pupa, tó gbajúmọ̀ láti ayébáyé, inú Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń wú u, ní ibi jíjìn àti inú ihò àpáta tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Iyùn inú táǹkì yàtọ̀ sí ìyẹn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò jìn, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń mọ òkìtì àpáta sábẹ́ òkun, bí irú èyí tó wà ní Òkun Pupa, ní Indonéṣíà àti ní etíkun ìlà-oòrùn Ọsirélíà.

Àwọn kan ń pè wọ́n ní òkúta, àwọn mìíràn ń pè wọ́n ní òdòdó. Ẹranko ni wọ́n. Bí ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì pupa wo ọ̀kan lóru, ẹ ó rí ẹnu bíńtín láàárín, pẹ̀lú ọwọ́ tín-ín-rín tó yí ẹnu náà ká, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń nà jáde wá ohun tí yóò jẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń rí pa lóru kò tó wọn. Inú ẹran ara wọn ni ewédò kan tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Ewédò yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, ó sì ń fi èyí tó pọ̀ nínú oúnjẹ náà san owó ilé fún ẹni tó gbà á sílé. Bí omi bá gbóná jù, iyùn á lé ewédò náà jáde, á funfun báláú, bí nǹkan kò bá sì tètè tún ṣe, ebi ni yóò pa á.

Etíkun wa, láti Badagry lọ dé Ìlàjẹ, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, omi odò sì ń rú u pọ̀. Òkìtì iyùn kì í gbèrú nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi ní etí òkun Èkó pé òun ti rí omi iyùn.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀

Ní 1846, obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Thynne kó iyùn kéékèèké, irú tó ń gbé inú omi tútù, láti Torquay ní England lọ sí ilé rẹ̀ ní London. Kò sí iná mànàmáná nígbà náà, kò sí pọ́ǹpù. Ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń dúró lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, tó ń da omi náà láti inú ohun èlò kan sínú èkejì lójoojúmọ́ kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Àwọn iyùn náà yè. Iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ tí à ń rà lówó gọbọi ń ṣe lónìí, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ-ọ̀dọ̀ náà ni a kò mọ̀. Ní 1853, ọgbà ẹranko London ṣí ilé ẹja tí gbogbo ènìyàn lè sanwó wọ̀ láti wòran.

Iyùn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó mọ ọgbọ́n rẹ̀. Ní 1961, Lee Chin Eng, ará Jakarta ní Indonéṣíà, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan pé òun kò lo àsẹ́ kankan. Àpáta tí òun wú láti inú òkun pẹ̀lú gbogbo ohun abẹ̀mí tó wà lára rẹ̀ ni òun kó sínú táǹkì, tí òun sì fi ìwọ̀nba atẹ́gùn tì í lẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ará Jámánì fi ẹ̀rọ kan kún un, ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó kó ìdọ̀tí jáde, tí wọ́n ń pè ní skimmer. Títí dòní, ọ̀nà àpáta-àti-skimmer yìí ni wọ́n ń fi orúkọ Berlin pè, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ táǹkì iyùn inú ilé dúró lé.

Ohun tí igun ń fún ni àti ohun tó ń gbà

Táǹkì igun lè jẹ́ onígun mẹ́ta, kí gíláàsì iwájú rẹ̀ nà tààrà láti ògiri kan dé èkejì. Ó lè jẹ́ onígun márùn-ún. Ó sì lè jẹ́ èyí tí iwájú rẹ̀ yọ roboto síta, bí ìgbà tí a gé òbìrí sí mẹ́rin tí a mú ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ ká mú un pé ẹ̀gbẹ́ tó kọ ojú sí ògiri kọ̀ọ̀kan jẹ́ 70 sẹ̀ǹtímítà, kí omi sì ga ní 55 sẹ̀ǹtímítà. Onígun mẹ́ta á gba nǹkan bí lítà 135. Oníwájú roboto á gba nǹkan bí lítà 211. Ògiri kan náà ni wọ́n gbà, ṣùgbọ́n èkejì fi ohun tó lé ní lítà 75 ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní tèmi, n kò jẹ́ gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó ra onígun mẹ́ta fún iyùn, nítorí omi tó bá pọ̀ kì í tètè bàjẹ́, kì í sì í tètè gbóná. Irú oníwájú roboto yìí kò ṣọ̀wọ́n lọ́jà: Trigon 190 tí ilé iṣẹ́ Juwel ní Jámánì ń ṣe jẹ́ ọ̀kan, nọ́ńbà tó wà lára orúkọ rẹ̀ sì ni iye lítà tó ń gbà.

Lítà 211 omi iyọ̀ wúwo tó kílò 216. Ẹ fi gíláàsì, àpáta, iyanrìn, kọ́bọ́ọ̀dù tó gbé e dúró àti omi inú táǹkì kékeré tó ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà (a ó dé orí rẹ̀) kún un, kílò 300 á ti kọjá, lórí ilẹ̀ tí kò tó ìdajì mítà níbùú-lóròó. Ilẹ̀ kọnkéré tí kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀ kò ní ìṣòro pẹ̀lú èyí. Ṣùgbọ́n ní Britain, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ti jẹ́ onípákó, nǹkan bí kílò 150 sórí mítà kan níbùú-lóròó ni wọ́n ń ṣírò fún ilẹ̀ yàrá ilé gbígbé. Àǹfààní igun ni pé ibẹ̀ ni orí igi àjà ti jókòó sórí ògiri, agbára rẹ̀ sì ju ti àárín yàrá lọ. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ kó wò ó.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tajà kì í sábà sọ. Ògiri méjì kì í sábà pàdé géérégé bí ojú ṣe ń rí i. Ẹ gé páálí sí ìrísí ìdí táǹkì náà, ẹ tẹ́ ẹ sí kọ̀rọ̀ yẹn kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi àyè bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sílẹ̀ láàárín gíláàsì àti ògiri fún páìpù àti wáyà. Kí wáyà kọ̀ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó tún gòkè wọ inú rẹ̀. Omi tó bá ń tọ wáyà bọ̀ á kán sílẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀, kò ní wọ inú iná. Kí oníná sì fi ẹ̀rọ tó ń já iná fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá ń jò sí i. Omi iyọ̀ àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ohun tí igun ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni apá. Láti iwájú roboto yẹn dé kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn jẹ́ 70 sẹ̀ǹtímítà, omi sì jìn. Bí iyùn bá já bọ́ sẹ́yìn àpáta, ẹ̀mú gígùn lẹ ó fi yọ ọ́. Àtipé gíláàsì tó tẹ̀ kò gba mágnẹ́ẹ̀tì afọgíláàsì olójú pẹrẹsẹ. Nínú táǹkì, etí rẹ̀ nìkan ni yóò máa kan gíláàsì, á sì máa ha iyanrìn mọ́ ọn. Ẹ ra èyí tó lè tẹ̀.

Omi kí a tó sọ ẹja

Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ṣe é lò. Irú iyọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, nígbà tí omi òkun ní magnésíọ̀mù, kálísíọ̀mù, pọtásíọ̀mù àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Kálísíọ̀mù yẹn ni iyùn olókùúta fi ń kọ́ egungun rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n pò fún táǹkì òkun ni kí ẹ rà. Nǹkan bí gíráàmù 35 ló ń wọ lítà kan, ìyẹn kílò méje fún lítà 200. Ẹ pò ó nínú ike lọ́tọ̀, kí pọ́ǹpù kékeré máa rú u mọ́jú, kí ẹ tó fi refractometer, ohun èlò tó ń wọn iyọ̀ inú omi, wò ó. Bó bá wà láàárín 1.025 sí 1.026, ó pé.

Omi tí a ó fi pò ó ńkọ́? Omi ẹ̀rọ ní kílórínì, ó sì lè ní kọ́pà díẹ̀ láti inú páìpù, kọ́pà tí kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan ṣùgbọ́n tó ń pa edé àti iyùn. Àwọn kan nílé máa ń sọ pé àwọn á lo pure water inú ọ̀rá. Omi tó ṣe é mu ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé nǹkan kan kò yọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ RO, èyí tó ń fipá ti omi gba inú àsẹ́ tín-ín-rín, tó sì ní àsẹ́ ìkẹyìn, ni a nílò; omi tó bá sì jáde lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo lójú mítà TDS tó ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi.

Àṣìṣe tó tún pọ̀ jù nìyí: bí omi bá fà, àwọn ènìyàn á da omi iyọ̀ sí i. Omi ló ń gbẹ lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Bí ẹ bá ń fi omi iyọ̀ rọ́pò, iyọ̀ á máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́ títí yóò fi pa gbogbo wọn. Omi RO lásán ni kí ẹ fi dí àlàfo náà, lójoojúmọ́, tàbí kí ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ omi nìkan ni ẹ ó lo omi oníyọ̀: ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ tó.

Ooru tí iyùn ń fẹ́ wà láàárín 24 sí 27 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹni tó wà ní Peckham ní London á ra hítà. Ẹni tó wà ní Lekki, ìṣòro tirẹ̀ ni bí omi yóò ṣe tutù. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi lè fa ooru wálẹ̀ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi á túbọ̀ máa gbẹ. Bí yàrá bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, àfi ẹ̀rọ amúmitutù.

Bí omi ṣe ń yí

Kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, níbi tí gíláàsì méjì ti pàdé, ni ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí, nítorí agbára omi kì í dé ibẹ̀. Ọgbọ́n tó dára jù ni kí a gbé àpótí ìṣàn sí ibẹ̀ gan-an. Àpótí tóóró ni, eyín rẹ̀ wà lójú omi. Omi á máa gba eyín náà ṣàn wọ inú rẹ̀, á gba páìpù sọ̀ kalẹ̀ sínú táǹkì kékeré inú kọ́bọ́ọ̀dù. Níbẹ̀ ni hítà àti skimmer wà. Pọ́ǹpù á sì tún gbé omi náà padà sókè. Skimmer yìí ń po afẹ́fẹ́ mọ́ omi títí yóò fi di ìfófòó wẹ́wẹ́. Ọ̀rá àti ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ìfófòó, á gun òkè, á dà sínú ife. Ohun tí ẹ máa bá nínú ife yẹn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan dúdú, ó sì ń rùn. Ẹ fi ojú ara yín rí i pé inú omi mímọ́ gaara ló ti jáde.

Bí NEPA bá wá mú iná lọ (wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ti yí padà, ta ló ń gbọ́?), pọ́ǹpù á dúró, omi tó wà lókè eyín àpótí yẹn á sì ṣàn wálẹ̀ tán. Nínú táǹkì tí a ṣírò yìí, sẹ̀ǹtímítà kan lójú omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mẹ́rin. Bí omi bá fi mẹ́ta wálẹ̀, lítà mọ́kànlá àti àbọ̀ ni táǹkì ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ rí àyè fún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kápẹ́ẹ̀tì ni yóò gbà á. Ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ pọn omi sí i, ẹ pa pọ́ǹpù lójú ara yín kí ẹ wo ibi tí omi dé. Bí iná kò bá dé fún wákàtí mélòó kan, atẹ́gùn inú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Nítorí náà, bí agbára ìnfátà yín kò bá pọ̀, pọ́ǹpù ni kó gbé, kó fi iná táǹkì sílẹ̀. Iyùn lè wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì kó má kú.

Yàtọ̀ sí pọ́ǹpù ìsàlẹ̀, a nílò méjì mìíràn nínú táǹkì fúnra rẹ̀, tí ń fẹ́ omi bí ìgbì. Ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ gíláàsì ògiri kọ̀ọ̀kan, kí ojú àwọn méjèèjì kọ sí iwájú. Omi á pàdé níbi gíláàsì roboto, á túká, á gba abẹ́ àpáta padà sẹ́yìn lọ síbi àpótí ìṣàn. Fún iyùn ẹlẹ́ran rírọ̀, ìyẹn àwọn tí kì í kọ́ egungun òkúta, kí àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá sí ogún omi táǹkì ní wákàtí kan.

Àpáta wá ńkọ́? Ẹ gbé e lé ìdí gíláàsì kí ẹ tó da iyanrìn sí i, nítorí edé àti ẹja tó ń walẹ̀ lè wú iyanrìn kúrò lábẹ́ rẹ̀ kó sì wó. Ẹ má sì ṣe kó gbogbo rẹ̀ jọ sí kọ̀rọ̀ bí òkìtì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú máa ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Òkìtì bẹ́ẹ̀ ni yóò dí ọ̀nà omi.

Iná

Gílóòbù gígùn tó rí bí ọ̀pá kì í bá táǹkì igun mu. Á gùn jù ní ẹ̀yìn, á sì kúrú jù níwájú. LED kan tó lágbára, tí a fi kọ́ sókè àárín, ló bá ìrísí yìí mu. Àwọ̀ búlúù gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí òun ló ń wọnú omi òkun jìnnà jù. Wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó. Abẹ́ iná gan-an ló mọ́lẹ̀ jù, apá ọ̀tún àti òsì ń ṣókùnkùn díẹ̀; ẹ fi iyùn tó fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ sí orí àpáta àárín, kí àwọn tí kò fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe gbé táǹkì síwájú fèrèsé pé ẹ fẹ́ fi owó iná pamọ́. Oòrùn á sọ omi di gbígbóná, ewédò tí ẹ kò fẹ́ á sì bo gíláàsì.

Ọ̀sẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ ra ẹja

Bí àpáta, iyanrìn àti omi iyọ̀ bá ti wà nínú táǹkì, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà máa ń di amóníà, májèlé ni fún ẹja. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń jẹ amóníà, wọ́n ń sọ ọ́ di nítíráìtì, májèlé ni ìyẹn náà. Àwọn mìíràn ń sọ nítíráìtì di nítíréètì, tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí pípààrọ̀ omi sì lè dín kù. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí gbọ́dọ̀ pọ̀ sára àpáta kí ẹja tó dé, wọn kì í sì í yára. Ẹni tó bá ti rẹ gbàgùúdá fún fùfú mọ̀ ọ́n: ìgbà tí iṣẹ́ bá parí lábẹ́ omi ló parí, ẹni tó bá yọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ á bá a ní líle.

Ẹ ju edé ọjà díẹ̀ sínú rẹ̀ tàbí kí ẹ ra amóníà tí wọ́n ṣe fún un, kí àwọn kòkòrò náà lè rí oúnjẹ. Ẹ máa fi ohun ìdánwò wò ó. Amóníà á gòkè, á sì wálẹ̀. Nítíráìtì á tẹ̀lé e. Ọjọ́ tí méjèèjì bá di òdo, tí nítíréètì sì hàn, ẹ lè lọ ra ẹja kan. Ẹyọ kan.

Àwọn tí yóò gbé ibẹ̀

Clownfish méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ẹja aláwọ̀ ọsàn tí àwọn ọmọdé mọ̀ láti inú fíìmù Finding Nemo. Wọn kì í rìn jìnnà, ó sì rọrùn láti rí èyí tí wọ́n bí sínú táǹkì. Akọ ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n bá wà lọ́mọdé. Èyí tó bá jẹ gàba láàárín wọn ló ń di abo. Iṣẹ́ Ọlọ́run tóbi. Ìgbín òkun díẹ̀ á máa jẹ ewédò. Ẹja aláwọ̀ búlúù tó bá Nemo ṣe nínú fíìmù náà kò yẹ níbí: ó lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ó sì nílò àyè gígùn láti sáré. Ọ̀nà tó gùn jù nínú táǹkì wa, láti etí kan dé èkejì, kò pé mítà kan.

Iyùn ẹlẹ́ran rírọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí olókùúta wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, nítorí wọ́n ń ta ara wọn. Irú kan wà tó gbọ́dọ̀ bà yín lẹ́rù: zoanthid, tó rí bí bọ́tìnnì kéékèèké aláràbarà. Àwọn kan nínú rẹ̀ ní palytoxin, ọ̀kan lára májèlé tó burú jù tí a mọ̀. Ẹ má ṣe se àpáta tó wà lára rẹ̀, ẹ má ṣe da omi gbígbóná sí i, ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì ha á; oru rẹ̀ ti gbé odindi ìdílé dé ilé ìwòsàn rí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ààbò ojú.

Àwọn tí a gé lára iyùn tó ti ń dàgbà nínú táǹkì ló dára láti rà. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman ní gúúsù London, ọ̀kan náà tó gbé ẹ̀tọ́ lórí àwọn iṣẹ́ ọnà Benin padà fún Nàìjíríà ní 2022, wọ́n ti mú kí iyùn tú ẹyin nínú táǹkì nípa ṣíṣe àfarawé ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àti ìyípadà ooru inú ọdún. Ẹni tó bá sì ń gbèrò láti di iyùn olókùúta sínú àpò ní Heathrow kó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkẹjà, kó mọ̀ pé gbogbo wọn ló wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu. Wọn kì í kọjá ibodè láìsí ìwé àṣẹ.

Ní ti owó, ẹ ṣírò ohun èlò ṣáájú gíláàsì. Gíláàsì ló ń fa ojú nínú ìsọ̀, ṣùgbọ́n iná, pọ́ǹpù, skimmer àti ẹ̀rọ RO lápapọ̀ lè ná ni ju òun lọ. Bí owó ọwọ́ yín kò bá tíì ká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra táǹkì.